Òróró olóòórùn dídùn tí mo rà nítòsí ọjà Ouando

Ìgò náà kò ju ọmọ ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ. 2,500 fránkì ni mo rà á. Òróró mísíkì ni, bọ́ọ̀lù kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí a fi ń yí i mọ́ ara. Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti ń lò ó.

Káfíńtà ni mí, ọmọ Kétu tó ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ti ilẹ̀ Benin. Òórùn gọ́ọ̀mù, fánìṣì àti ìyẹ̀fun igi ni tèmi láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ yìí, kò sì dà mí láàmú rí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ìsọ̀ Àlàájà tó ta òróró yìí fún mi.

Ọmọ Ègùn ni ẹni tí ọkàn mi ń fà sí. Bó bá ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, àyà mi á já bí ẹni tí ọlọ́pàá pè. Lọ́jọ́ kan mo gé pákó ilẹ̀kùn kúrú, bí ẹni tí kò rí téèpù rí. Mo sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì o! Nígbà tí mo ṣọkàn akin, mo ní, “Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “N yiwanna we.”

Mo mọ̀ pé ohun rere ni, ojú rẹ̀ sọ ọ́. Àmọ́ Ègùn tèmi kò ju ti ọjà lọ: èló ni, ó ti wọ́n jù, ẹ dín in. Ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ló tú u fún mi. Yi, gbígbà ni. Wan, òórùn ni. Na, fífún. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ rẹ ti gba òórùn rẹ nìyẹn. Àwa ń gbọ́ òórùn, àfi bíi pé etí la fi ń gbà á. Àwọn ń gbà á bí ẹni gba àlejò. “Fẹ́” tiwa, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù: mo fẹ́ omi, mo fẹ́ ìyàwó, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi sí imú, ẹ̀rù bà mí. Kí ló wá gbà?

Ìsọ̀ Àlàájà kò ní pátákó, òórùn tùràrí ni yóò júwe ọ̀nà fún yín. Ó fi mísíkì kàn mí lọ́rùn ọwọ́. Mo ní kí n gbọ́ òmíràn, àti òmíràn. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, ó gba ìgò lọ́wọ́ mi. “Ọmọ mi, imú rẹ ti yó. Jáde síta, kí atẹ́gùn fẹ́ sí ọ, kí o tó padà wá.”

Mo béèrè údù. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun, àfọwọ́ṣe ni. Ojúlówó rẹ̀, inú igi kan ní ilẹ̀ Éṣíà ló ti ń wá. Àfi kí igi náà ṣàìsàn, kó bu nínú, kó tó mú òórùn yẹn jáde, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe tèmi. Mísíkì náà ńkọ́? Látijọ́, ara akọ ẹranko kan tó jọ àgbọ̀nrín ni wọ́n ti ń mú un. Èyí tí a ń rà báyìí, àfọwọ́ṣe náà ni. Mo fẹ́ràn ẹni tí kò purọ́ lórí ọjà ara rẹ̀.

Lọ́fínńdà tí wọ́n ń fọ́n, ọtí ló pọ̀ nínú rẹ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí ó ti fò lọ. Òróró yìí kò ní ọtí. Mo ń fi sọ́rùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn etí ní aago méje àárọ̀. Nírọ̀lẹ́ tí a bá ń gbá ṣọ́ọ̀bù, ó ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ fánìṣì, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní yàrá kejì.

Ìgò rẹ̀ ni kò dáa. Ó ń jò! Mo fi sápò, mo gun zem, ọ̀kadà tiwa níbí, lọ sí Àjàrá. Kí n tó dé, àmì tó tó ẹyin ẹyẹlé ti wà lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, ọṣẹ kò sì mú un kúrò títí dòní. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ òórùn náà láti ẹnu ọ̀nà. Kò bi mí pé kí ni. “Ta ni?” ló bi mí. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Nígbà tí mo gbé ìgò padà, Àlàájà kò jiyàn, ó dà á sínú ìgò onídérí. Ṣùgbọ́n ó gba 300 fránkì owó ìgò lọ́wọ́ mi, ìyẹn sì dùn mí.

Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ rà á ńkọ́? Ìtòsí Mọ́ṣáláṣí Ńlá ló dàgbà sí, èyí tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá, kọ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sún mọ́ mi, ó gbọ́ ọrùn mi, ó bú sẹ́rìn-ín: ó ní òórùn ọjọ́ Jímọ̀ ni, òórùn gbogbo bàbá tó ń kọjá níwájú ilé àwọn lọ kírun. Láti ọjọ́ náà, Jímọ̀ ló ń pè mí, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Ajé. Òróró náà ti kù díẹ̀. Mísíkì náà ni n ó tún rà, ìgò onídérí ni n ó kọ́kọ́ béèrè.