Práímà kékeré tàbí ńlá fún 6.5 Creedmoor?

Oríṣi ìkarahun ọta méjì ni àwọn tó ń di ọta ráífù fúnra wọn ní Amẹ́ríkà ń rí rà fún 6.5 Creedmoor, irú ọta ráífù kan: oníhò práímà ńlá (práímà ni ohun kékeré ní ìdí ìkarahun tó ń tanná ran ètù; 5.3 mm) àti oníhò kékeré (4.4 mm).

Kékeré ni àwọn tó ń yìnbọn jìnnà fẹ́ràn. Iná rẹ̀ kò le púpọ̀, ìyára ọta sì sábà máa ń dọ́gba. Ní 1,000 yáàdì, ìyára tí kò dọ́gba ló ń gbé ọta lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ àmì. Ìdí ìkarahun náà tún nípọn, ihò práímà kì í tètè gbòòrò. Àmọ́ nínú òtútù líle, iná yẹn lè má tètè ran ètù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo CCI 450, práímà kékeré tí iná rẹ̀ le jù. Ẹ ṣọ́ra o: ihò tí iná práímà ń gbà dé ètù nínú ìkarahun oníhò kékeré sábà jẹ́ 1.5 mm, abẹ́rẹ́ ìyọ-práímà tí wọ́n ṣe fún ihò 2 mm á há síbẹ̀, tàbí kó kán.

Ọdẹ ìgbà òtútù? Ńlá ni kó mú.

Bí ẹ bá pààrọ̀ práímà, ẹ dín ètù kù, kí ẹ tún máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ práímà wọlé títí yóò fi rẹlẹ̀ sí ìdí ìkarahun ní nǹkan bí 0.1 mm, èyí tí kò jókòó dáadáa lè mú kí ìyára má dọ́gba.