Ẹ̀rọ Ìfọṣọ àbí Ike?

Àbúrò mi tó ń ṣe bíìtì nínú yàrá rẹ̀ ní Ìkòròdú bi mí pé èwo ni kóun kọ́kọ́ gbọ́ nínú orin Matmos. Drew Daniel àti M.C. Schmidt nìyẹn, àwọn méjì tó ń gbé ní Baltimore, Amẹ́ríkà, tí kò sí ohun tí wọn ò lè sọ di ìlù.

Mo ní kó mú nínú àwo orin wọn méjì. Ultimate Care II jáde ní 2016. Ẹ̀rọ ìfọṣọ Whirlpool tó wà nílé wọn ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀: omi tó ń ya wọlé, ìkùn ẹ̀rọ tó ń yí, ara rẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ lù. Orin kan ṣoṣo ni, ìṣẹ́jú 38. Aláìnísùúrù á ti pa á kí omi tó kún.

Plastic Anniversary, ti 2019, ni tèmi. Ike ni wọ́n fi ṣe é, títí kan apata tí ọlọ́pàá fi ń kojú èrò. Orin kéékèèké ló wà níbẹ̀, ìlù rẹ̀ sì gbóná. Ike ò sì jìnnà sí wa: garawa, kẹ́ẹ̀gì, ike omi tó ń léfòó létí ọ̀sà n'Ípakodò. Lu kẹ́ẹ̀gì òfìfo wò, wàá gbọ́ bó ṣe ń ró kìì. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńkọ́? Ọwọ́ la fi ń fọ̀ nílé wa.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń fún ohun kan ṣoṣo títí gbogbo ohùn inú rẹ̀ á fi jáde, kó gbọ́ ti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Kò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì òróró ìyá wa wọ yàrá.