VPN àbí kọ́ọ̀tù?
Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní June 2021, VPN, ìyẹn áàpù tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́, ló kọ́kọ́ yọ wá. O tẹ bọ́tìnnì kan, fóònù ẹ á máa ṣe bíi pé Jámánì ló wà, o ti wọlé nìyẹn, àmọ́ ìwọ nìkan ló yọ o, ẹni tó ni VPN yẹn náà sì lè máa wo sáìtì tó ò ń lọ, pàápàá àwọn ọ̀fẹ́ yẹn. SERAP, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, ní tiwọn gba kọ́ọ̀tù ECOWAS lọ. Ó pẹ́ lóòótọ́, wọ́n ti ṣí Twitter padà kí ìdájọ́ tó jáde ní July 2022, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí ìjọba ṣe ò bófin mu. Ti kọ́ọ̀tù ni mo fara mọ́ jù, torí ó kan ẹni tí ò mọ VPN rárá.