Terrore nello spazio: Òkúta Méjì, Èéfín àti Dígí

Òkúta méjì péré ni Mario Bava, olùdarí fíìmù ará Ítálì, ní lọ́wọ́ nígbà tí ó fẹ́ dá ayé mìíràn sílẹ̀. Ọdún 1965 ni, ibi tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ni Cinecittà, ilé iṣẹ́ sinimá ńlá tí ó wà ní ìlú Róòmù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé ike ni wọ́n fi ṣe àwọn òkúta ọ̀hún, pé wọ́n ṣẹ́kù láti inú fíìmù ìtàn ìwáṣẹ̀ kan tí wọ́n ti yà tán, àti pé èéfín ni òun fi bo ìyókù. Wọ́n fi dígí sọ òkúta méjì náà di ogunlọ́gọ̀, wọ́n tan iná pupa, iná aró àti iná aláwọ̀ ewé sínú èéfín náà, ohun tí ó sì ti ibẹ̀ jáde ni fíìmù Terrore nello spazio, tí ó túmọ̀ sí ìpayà nínú òfúrufú. Àwọn Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sí owó rẹ̀ pè é ní Planet of the Vampires, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì àwọn amùjẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, nítorí náà orúkọ ti Ítálì ni mo fara mọ́.

Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mò ń ṣe ní Kàbbà. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè ni wọ́n máa ń pè mí sí, láti Ìyàrà títí dé Mòpà àti Ìsánlú, ìmọ́lẹ̀ sì ni mo fi ń jẹun. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ojú mi kọ́kọ́ máa ń wá nínú fíìmù ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá àti ohun tí òkùnkùn ń bá olùdarí bò mọ́lẹ̀. Mo ti wo ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù òfúrufú tí àwọn ará Ítálì fi owó kékeré ṣe láyé ìgbà náà, kò sì sí èyí tí mo lè ní kí ènìyàn kọ́kọ́ wò ju èyí lọ.

Ìtàn rẹ̀ kò ta kókó. Ọkọ̀ méjì tí ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, Argos àti Galliott, gbọ́ àmì kan láti pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Aura, wọ́n sì lọ wò ó. Bí Argos ṣe ń balẹ̀ ni orí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ dàrú, tí wọ́n dìde sí ara wọn láti pa ara wọn, àfi ọ̀gá wọn, Mark, tí Barry Sullivan ṣe, tí ó ń fi ọwọ́ líle jí wọn padà sí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Galliott, àwọn ti ibẹ̀ ti pa ara wọn tán. Wọ́n sin wọ́n. Òkú wọn kò sì dúró nínú ilẹ̀.

Ibi tí òkú ti dìde yẹn ni mo tún wò ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje. Kò sí orin tí ń pariwo, kò sí ẹni tí ó figbe ta. Èéfín ń lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n fi bo ibojì yí padà díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sì gbéra nílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá funfun tí wọ́n fi dì í. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa ọ̀rá náà ya kúrò lójú rẹ̀, ọ̀rá náà ń dán nínú iná aró, ìrìn rẹ̀ sì falẹ̀ ju ti alààyè lọ. Ọ̀rá lásán ni o, irú èyí tí a fi ń bo ẹrù nígbà òjò, síbẹ̀ ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà òde òní kò lè ṣe sí mi lára.

Màmá mi, ọmọ Ìyàgbà, jókòó tì mí wò ó ní alẹ́ kejì. Nígbà tí ó rí àwọn òkú náà, ó ní, “Àkúdàáyà ni wọ́n.” Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí a wò ó síwájú.” Ìgbà tí ó yá ni ó tún sọ pé, “Rárá o, òkú kọ́ ni ó jí. Ẹlòmíràn ni ó gbé ara wọn wọ̀ bí ẹ̀wù.” Ohun tí fíìmù náà dá lé gan-an nìyẹn. Àkúdàáyà tiwa, ẹni tí ó kú náà ni, tí ó lọ bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní Aura, ojú ẹni tí o mọ̀ ni ò ń wò, ẹni tí ó sì ń fi ojú náà wò ọ́ jẹ́ àjèjì. Láti ìgbà tí Màmá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú fíìmù náà ni ó yí padà létí mi, nítorí ènìyàn kò mọ ẹni tí ó ṣì jẹ́ ara rẹ̀ mọ́.

Apá kan tún wà tí Mark àti Sanya, tí Norma Bengell ará Brazil ṣe, wọ inú ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ó ti bàjẹ́, tí wọ́n sì bá egungun òmìrán níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 14 ni fíìmù Alien jáde ní Amẹ́ríkà, tí àwọn arìnrìn-àjò tirẹ̀ náà wọ ọkọ̀ àjèjì, tí wọ́n bá òkú òmìrán pàdé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Mo fẹ́ràn Alien, ṣùgbọ́n Bava ni ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

Àléébù rẹ̀ wà, mi ò ní fi pamọ́. Inú ọkọ̀ Argos gbòòrò jù, ó sì ṣófo, bí gbọ̀ngàn àpèjẹ tí wọn kò tíì kó àga sí. Àlàyé nípa ẹ̀rọ pọ̀ jù ní ìdajì ìkejì, ó sì ń fa ẹsẹ̀ ìtàn sẹ́yìn. Ètè kò bá ohùn mu, nítorí èdè ẹnu oníkálukú ni àwọn òṣèré fi ń sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó fi ohùn sí i, bí àwọn ará Ítálì ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Ẹ fi ọkàn sí èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, yóò mọ́ yín lára lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀dà tí ẹ bá rà ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣókùnkùn débi pé aṣọ awọ dúdú tí àwọn arìnrìn-àjò náà wọ̀ pa pọ̀ mọ́ òru, orí nìkan ni mo ń rí tí ń rìn. Mo fẹ́ẹ̀ pa á tì. Ẹ̀dà kejì tí mo rí jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ti tún àwòrán rẹ̀ fọ̀ mọ́, ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé àwọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú èéfín tí mo ti pè ní eérú. Ẹ má ṣe wo èyí tí ó ṣókùnkùn, ẹ má sì wò ó lórí fóònù.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo dán ọgbọ́n Bava wò. Mo gbé òkúta kan láti ẹsẹ̀ òkè ẹ̀yìnkùlé wa, mo gbé dígí méjì tì í ní igun, mo fi ewé tútù sórí ẹyín iná, mo sì fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì. Etí dígí ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí mi. Nígbà tí mo ti fèrèsé, tí èéfín dúró, tí mo sì gbé kámẹ́rà sún mọ́ ilẹ̀, etí dígí wọlé sínú èéfín, òkúta kan di márùn-ún, ó wá dà bí òkè Kàbbà ní àárọ̀ ọyẹ́ nígbà tí kùrukùru kò tíì ká. Àtìgbà náà ni mo ti ń bu ọlá fún ọkùnrin yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ tí mo fi wá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí ó ṣeé wò, òun sì fi ọgbọ́n kan náà gbé odidi fíìmù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ lè wá fíìmù Caltiki ti ọdún 1959, tí Riccardo Freda bẹ̀rẹ̀, tí Bava sì bá a parí. Ṣàkì màlúù ni wọ́n fi ṣe abàmì ẹ̀dá inú rẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Starcrash ti Luigi Cozzi, ọdún 1978, kún fún ìràwọ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi, orin John Barry inú rẹ̀ sì dára ju ìtàn rẹ̀ lọ. Ní ti Alfonso Brescia, olùdarí ará Ítálì mìíràn, tí ó ṣe fíìmù òfúrufú bíi mẹ́rin léraléra lẹ́yìn ọdún 1976, ọ̀kan tó.

Màmá ti ní kí n tún gbé Terrore nello spazio sí i ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ó fẹ́ mọ ìgbà gan-an tí ẹni tí òun fọkàn tán jù nínú ọkọ̀ náà kò jẹ́ ara rẹ̀ mọ́.