Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ra Fánìṣì fún Ọkọ̀ Ojú Omi Onígi

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín kan ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ sì fẹ́ kí ojú ìrókò tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀ tí ẹ fi kàn án máa hàn dípò kí ẹ fi ọ̀dà bò ó, ẹ ṣọ́ra fún àwọn òǹtajà kan ní Èkó tí wọ́n ń rọ fánìṣì àga àti tábìlì sínú agolo fánìṣì ọkọ̀, tí wọ́n sì ń tà á ní iye tí ó fi díẹ̀ dín sí ti ojúlówó.

Ohun tí ó jẹ́ kí jìbìtì yìí máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni pé méjèèjì ló ń dán ní ọjọ́ tí a bá kùn wọ́n. Èyí tí a ṣe fún ọkọ̀ ní òróró púpọ̀ nínú, kí ó lè máa bá igi lọ bí igi ti ń mu omi wú tí ó sì ń gbẹ padà. Ó tún ní èròjà tí ń dènà oòrùn kí ó má baà ba ojú igi jẹ́. Ti inú ilé le gbagidi. Bí igi bá wú, yóò sán, omi yóò gba ibẹ̀ wọlé, igi yóò sì máa dúdú lábẹ́ fánìṣì tí ó ṣì ń dán lókè. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí i, oṣù ti gorí oṣù, òǹtajà yóò sì sọ pé ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀ ọ́n kùn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo etí ìdérí bóyá wọ́n ti fi irin ṣí i rí, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n lẹ bébà tuntun mọ́ orí ti àtijọ́. Bí ó bá ń rùn bíi tína àwọn káfíńtà, tí ó sì gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dá a padà, nítorí pé ojúlówó kì í kánjú gbẹ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó kun òmíràn lé e. Agolo kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ kùn ún sára páànù fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá ká páànù náà kò: bí ó bá sán wẹ́wẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó kan ọkọ̀ yín. Àdánwò yìí kò lè sọ bí yóò ṣe dúró nínú oòrùn fún yín o, líle rẹ̀ nìkan ni ó ń fi hàn.

Àwọn mìíràn wà tí ọjà wọn kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jẹ́ irọ́. Wọn yóò sọ pé epoxy tí ó mọ́ gaara, ìyẹn èròjà olómi méjì tí a ń pò pọ̀ kí ó lè le, ti tó, pé ẹ kò nílò fánìṣì mọ́. Epoxy ń dí omi lóòótọ́, àmọ́ oòrùn máa ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ìyeyè, yóò sì máa bó bí ẹfun, àyàfi bí a bá kun fánìṣì tí ń dènà oòrùn lé e. Bí wọ́n bá sọ òótọ́, ọjà méjì ni wọn ì bá tà. N kò mọ ohun tí wọ́n rí nínú irọ́ náà.

Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ fánìṣì náà àti nọ́ńbà ara agolo wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, ẹ má ju agolo, ìdérí àti èyí tí ó kù nínú rẹ̀ nù, nítorí pé àwọn ni ẹ óò kó lọ sí FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbèjà olùrajà.