Ọ̀pá N.S. Pro 950GH fún iron: ta ló bá mu, ta ni kò bá mu?

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbá gọ́ọ̀fù, tí swing yín (bẹ́ ẹ ṣe ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù) rọra ń lọ, tí ẹ kì í fi agbára já igi wálẹ̀ láti òkè, tó sì jẹ́ pé Dynamic Gold S300, ọ̀pá irin kan tó wúwo, ló wà nínú iron (igi gọ́ọ̀fù olórí irin) tẹ́ ẹ ń lò báyìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹrù tó ju tiyín lọ lẹ̀ ń gbé kiri láti hole àkọ́kọ́ títí dé ìkejìdínlógún. Ọ̀pá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, N.S. Pro 950GH ti ilé iṣẹ́ Nippon Shaft ní Jàpáànù, òun ni mo máa kọ́kọ́ ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ gbìyànjú wò. Mo fẹ́ràn ọ̀pá yìí gan-an, mi ò ní fi bò, àmọ́ kì í ṣe ọ̀pá gbogbo èèyàn, màá sọ àwọn tí kò yẹ kí wọ́n súnmọ́ ọn náà.

Ọdún 1999 ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tí ọ̀pá irin tí kò tó 100 gíráàmù ṣì ṣọ̀wọ́n, ẹni tí irin bá wúwo jù fún, graphite, ọ̀pá tí kì í ṣe irin, ni wọ́n máa ní kó lọ rà. Èyí tí wọ́n kọ R sí lára nínú 950GH (R rọ̀ ju S lọ) súnmọ́ gíráàmù 95, èyí tí wọ́n kọ S sí jẹ́ 98. S300 ńkọ́? 130 ni. Ìwọ̀n kí wọ́n tó gé ọ̀pá sí gígùn igi ni gbogbo rẹ̀ o. Ẹlòmíì á ní kí wá ni gíráàmù 30 tàbí 35 tá a fẹ́ máa tìtorí ẹ̀ náwó. Òfin gọ́ọ̀fù ní bọ́ọ̀lù tá à ń gbá kò gbọdọ̀ wúwo ju 45.93 gíráàmù lọ, torí náà ìyàtọ̀ tí mò ń wí yìí ju ìdajì bọ́ọ̀lù lọ dáadáa, nínú igi kan ṣoṣo, ẹ ó sì gbé e sókè gbé e wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbá, ká má tíì ka practice swing tá a máa ń ṣe kó tó di pé a gbá bọ́ọ̀lù, nínú oòrùn Èkó tó ń jó wa lórí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé tí èèyàn bá fẹ́ ra igi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi ẹni tó ń tà á: “S ni àbí R?” Lẹ́tà yẹn, bí ọ̀pá ṣe le tó ló ń sọ, kò sọ bó ṣe wúwo tó. Kódà líle yẹn gan-an, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń wọ̀n ọ́n, kò sí òfin kankan tó ní S ti ilé iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú S ti ẹlòmíì. Ọ̀pá méjì lè jókòó tira wọn, kí wọ́n kọ S sí méjèèjì lára, kí ọ̀kan jẹ́ 98 kí èkejì jẹ́ 130, èèyàn á wá máa sọ pé S lòun ń lò, bíi pé ó ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ìwúwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè jàre, lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó wá béèrè lẹ́tà.

Kí ló wá dé tí S300 fi kún àpò gọ́ọ̀fù wa tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ iron tá à ń rà, tòkunbọ̀ ni, láti ìlú ọba tàbí Amẹ́ríkà, ọ̀pá yẹn sì ni wọ́n ti ń fi sínú iron lọ́hùn-ún láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá rí iron tó dáa ní owó pọ́ọ́kú, ó dájú pé kò ní dúró wo ọ̀pá inú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ni pé a máa ń wo àwọn tó fi gọ́ọ̀fù jẹun. Tiger Woods ń lo Dynamic Gold X100, ọ̀pá tó tún le ju S300 lọ, nínú iron ẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eré tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè tó wá jáde síta láàárọ̀ Sátidé. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Bàbá kan wà tá a jọ máa ń ṣeré ní Ìkẹjà, ọwọ́ wọn dáa, swing wọn tutù, ó dùn ún wò. Láti hole àkọ́kọ́ dé ìkẹsàn-án, kò séwu. Tó bá ti kọjá ìkejìlá báyìí, 7-iron wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́kọ́ gba ilẹ̀ kó tó gba bọ́ọ̀lù, tàbí kí bọ́ọ̀lù yọ́ sí apá ọ̀tún sínú igbó, kádì wọn, ẹni tó ń bá wọn gbé igi, á ní, “Dádì, ẹ tún gbórí sókè o.” Gbogbo wa la jọ ń sọ ọ́ fún wọn, orí, orí, orí. Ọ̀rọ̀ ò sí lórí rárá. Apá ti rẹ̀ wọ́n, igi ò sì dé ìsàlẹ̀ lásìkò tó yẹ kó dé mọ́, ara wọn á ti yí síwájú nígbà tí igi ṣì wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ sí 950GH R, ẹ má rò pé bọ́ọ̀lù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jìnnà lọ́nà àrà, kò rí bẹ́ẹ̀, àfikún jíjìnnà tí wọ́n rí ò pọ̀. Ohun tó yí padà ni pé bí wọ́n ṣe ń gbá a ní hole kẹta náà ni wọ́n ń gbá a ní ìkẹtàdínlógún. Kádì ò sọ̀rọ̀ orí mọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má kàn gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ nígbà tára yín ṣì le kẹ́ ẹ wá mú èyí tó lọ jìnnà jù, ibẹ̀ ni ọjà ti máa ń tan èèyàn. Ẹ wá 7-iron méjì, ọ̀kan tó ní ọ̀pá wúwo, ọ̀kan tó ní ọ̀pá fúyẹ́, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbá igi míì títí ara á fi gbóná, títí á fi rẹ̀ yín díẹ̀. Ẹ wá mú pọ́dà, pọ́dà ọmọ ọwọ́ lásán, ẹ fi ìka bù ú díẹ̀ kẹ́ ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú iron. Tẹ́ ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù tán, ojú ibi tó ti kàn án á hàn kedere, róbótó, nínú funfun pọ́dà yẹn. Ẹ nù ún, ẹ tún pa òmíì, ẹ tún gbá. Ìwọ̀n ọ̀pá tó bá ń mú kí àmì yẹn máa bọ́ síbì kan náà, láàárín gbùngbùn, òun ni tiyín, kódà kí èkejì ti gbé bọ́ọ̀lù kan lọ jìnnà jù ú lọ. Tí àmì bá ń sá lọ sí ìdí ojú iron, lápá ibi tí ọ̀pá ti wọlé, tó tún bọ́ sí ṣóńṣó nígbà míì, ìwọ̀n yẹn ò bá yín mu.

Ó wá kan àwọn tí mi ò ní gbà nímọ̀ràn láti rà á. Ẹni tára ẹ̀ le, tó jẹ́ pé bó ṣe dé òkè báyìí ló ti fipá já a wálẹ̀, 950GH máa fúyẹ́ jù fún un, kò ní mọ ibi tí orí igi wà mọ́, ọwọ́ á ti yára ju ara lọ, bọ́ọ̀lù á sì máa ré sí apá òsì. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó gba bọ́ọ̀lù dáadáa pẹ̀lú ọ̀pá wúwo tó wá di pé kò mọ ibi tó ń gbá a sí mọ́ torí wọ́n ní fífúyẹ́ ló ń fi kún speed. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni speed ẹ̀ máa ń pọ̀ sí i tí igi bá fúyẹ́, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìwúwo yẹn ló ń mú kí swing wọn dúró síbi kan. Irú wọn, tí 130 bá ti pọ̀ jù, kí wọ́n dúró sáàárín: Dynamic Gold 120 tó jẹ́ bíi 118, tàbí Modus3 Tour 105 tó jẹ́ bíi 106, tàbí Dynamic Gold 105 tó jẹ́ bíi 103. Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí orúkọ wọn gan-an ti ń júwe ìwúwo fún yín. Ohun kejì ni atẹ́gùn. 950GH máa ń gbé bọ́ọ̀lù sókè ju S300 lọ, ìyẹn dáa fún ẹni tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ kì í fò, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń ṣeré níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá láti etí omi, tí bọ́ọ̀lù yín sì ti ń ga tẹ́lẹ̀, ẹ ó sanwó ẹ̀. Ẹni tí ìgúnpá ń dùn náà, má rò pé irin fúyẹ́ máa gbà ẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, irin ṣì ni irin, gbígbọ̀n ẹ̀ ṣì ń wọ apá. Graphite ni kó o wò.

Nísinsìnyí, tó bá jẹ́ pé ọ̀pá nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀ nínú iron tẹ́ ẹ ti ní, ẹ fetí sí mi dáadáa. Tẹ́ ẹ bá yọ S300 tẹ́ ẹ sì ki 950GH bọ orí kan náà, swing weight, ìyẹn bí orí igi ṣe ń wúwo lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá ń fì í, tí wọ́n ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà kọ, á jábọ́ bíi ìpele mẹ́ta, torí gíráàmù mẹ́sàn-án lára ọ̀pá ń tó bí ìpele kan. Igi tó wà ní D2 tẹ́lẹ̀ á di bíi C9 (D2, D1, D0, C9), ẹ ó gbé e lọ́wọ́, á dà bíi pé kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀, ẹ ó wá sọ pé ọ̀pá ni ò dáa. Ọ̀pá ò ṣẹ̀ yín o. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe é fi nǹkan kún orí, yálà nínú ihò ọ̀pá tàbí téèpù òjé lẹ́yìn orí iron, gíráàmù méjì lórí ń dá ìpele kan padà. Kẹ́ ẹ sì wo grip yín, ibi tẹ́ ẹ ń fọwọ́ dì mú, náà, torí tẹ́ ẹ bá lọ fi èyí tó wúwo sí i, ńṣe ló tún máa dín swing weight kù sí i. Ẹ tún yẹ ihò orí iron wò kẹ́ ẹ tó sanwó, nítorí oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, 0.355 àti 0.370 ínṣì, ọ̀pá 0.370 ò ní wọ ihò 0.355 láéláé, ọ̀pá 0.355 á sì máa mì nínú ihò 0.370 àfi tí wọ́n bá fi nǹkan dí i.

Èyí tí wọ́n pè ní 950GH neo tún wà, wọ́n ṣe é fún àwọn iron òde òní tí ojú wọn nàró ju tàtijọ́ lọ, tí bọ́ọ̀lù wọn kì í fẹ́ ga. Tí iron yín bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ dúró lórí èyí tí kò ní neo lórúkọ.

Ẹ má gbàgbé ìyókù àpò yín. Igi tó gùn jù ló yẹ kí ọ̀pá ẹ̀ fúyẹ́ jù, kí ìwúwo máa pọ̀ sí i bí igi ṣe ń kúrú, láti driver tó gùn jù dé wedge tó kúrú. Ẹni tó bá ti lọ sí 95 nínú iron, kò yẹ kó ṣì ní ọ̀pá 75 nínú driver, 50 tàbí 60 ló bá a mu. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀, bí ọ̀pá driver Fujikura Ventus, nọ́ńbà 5, 6, 7 tó wà lára ẹ̀, 50 sókè, 60 sókè, 70 sókè ló túmọ̀ sí. Wedge lè wúwo díẹ̀ ju iron lọ, kò burú, ó máa ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ nítòsí green, ibi tí ihò wà, àmọ́ kó má lọ jẹ́ 95 sí 130 lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún àwọn tó ń ra tòkunbọ̀, sítíkà lè ti ya kúrò lára ọ̀pá, tàbí kí wọ́n ti lẹ òmíì mọ́ ọn. Ẹ mú sikéèlì kékeré dání, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà. Ẹ kọ́kọ́ wọn 7-iron yín nílé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọn 7-iron tí wọ́n fẹ́ tà fún yín níbẹ̀. Tí orí àti grip bá jọra, tí èyí tí wọ́n pè ní 950GH sì wúwo bí S300 yín tàbí tó kàn fi gíráàmù díẹ̀ fúyẹ́ jù ú, kì í ṣe òun, ẹ gbé e sílẹ̀. Tó bá sì pé, ẹ má tíì ra gbogbo rẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ mú 7-iron yẹn lọ gbá lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ gbé pọ́dà yín dání.