VirtualBox, VMware, Hyper-V àbí Proxmox: ibo ni kí ẹ kó VM yín lọ?

Bí ẹ bá ń gbèrò láti kó VM yín (kọ̀ǹpútà tí a fi sọ́fítíwíà dá sínú kọ̀ǹpútà gidi) kúrò nínú sọ́fítíwíà kan bọ́ sínú òmíràn, ẹ ti mọ̀ pé RAM gbọ́dọ̀ pọ̀, kí àyè sì wà lórí dísìkì. Mi ò ní padà sórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi wé ara wọn ni bí àwọn mẹ́rin yìí ṣe ń gba àlejò tó ti ilé ẹlòmíràn wá, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀. Broadcom ra VMware tán ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dẹ́kun títa láísẹ́ńsì tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ló lé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n Workstation Pro, èyí tí à ń fi sórí kọ̀ǹpútà tiwa, di ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn títí kan ọ́fíìsì ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹ ó ṣáà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Broadcom kí ẹ tó rí i gbà. VirtualBox ti Oracle náà ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún Extension Pack rẹ̀, àfikún tí wọ́n ń gbà lọ́tọ̀: fún ara ẹni tàbí ẹ̀kọ́, kò sí wàhálà, fún iṣẹ́ ajé, owó ni. Hyper-V wà nínú Windows Pro, kò sí nínú Home, Home ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ laptop tí wọ́n ń tà fún wa. Proxmox kì í gba owó àfi lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa ti òun lẹ́yìn, ṣùgbọ́n odindi kọ̀ǹpútà ló máa gbà. Kì í ṣe ohun tí ẹ ó fi sórí laptop tí ẹ fi ń ṣe Excel.

Ní ti fáìlì tí dísìkì VM wà nínú rẹ̀: VMware ń lo VMDK, VirtualBox ń lo VDI, Hyper-V ń lo VHDX, Proxmox sì sábà ń lo qcow2 tàbí raw. VirtualBox máa ń ṣí VMDK àti VHD bó ṣe bá wọn. Hyper-V kò fẹ́ gbọ́ orúkọ OVA, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n di odindi VM sí, rárá. Qemu-img, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè yí ìkan padà sí ìkejì pẹ̀lú àṣẹ ìlà kan, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ńlá lọ́wọ́ yín torí pé ó fẹ́ yí fáìlì padà.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni bí yóò ṣe tan. Fáìlì lè dé ibi tuntun ní pípé, kí Windows inú rẹ̀ má sì dìde.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìtòkú, tí mo wà lára wọn, ní VM tí gbogbo ìwé owó wa wà nínú rẹ̀, Windows 10 lórí VMware. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tó gbé e bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, wọ́n pe oníṣẹ́ kan kó bá wa kó o lọ sórí Hyper-V. Ó yí VMDK padà sí VHDX, ó dá VM tuntun sílẹ̀, ó sì yan Generation 2 nínú oríṣi VM méjì tí Hyper-V ní, bóyá torí pé méjì ju ọ̀kan lọ. Ojú dúdú la rí: kò rí nǹkan kan tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọjú sí akápò wa, ó ní, “Ẹ má bínú, Mà, fáìlì yín ti bàjẹ́.” Ó gba owó láti fi Windows mìíràn sí i. Àwọn tó ni sọ́fítíwíà ìṣirò gba tiwọn láti tún un forúkọ sílẹ̀. Ìyá akápò bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n mú káàdì wọn wá ká lè kọ iye tí oníkálùkù ní padà, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ owó ṣe rí láàárín àwọn aládìrẹ: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fojú mìíràn wò wá.

Fáìlì kò bàjẹ́. VMDK yẹn kan náà ni mo gbé sórí laptop mi, mo ṣí i nínú VirtualBox, ó tan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. BIOS àti UEFI ni ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀. BIOS ni wọ́n fi gbé Windows yẹn kalẹ̀ látilẹ̀, UEFI nìkan sì ni Generation 2 mọ̀. Generation 1 ló yẹ kó yàn. Hyper-V kì í gbà kí ẹ yí generation padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá VM sílẹ̀, nítorí náà ẹ ó dá òmíràn, ẹ ó so dísìkì kan náà mọ́ ọn, ó parí. Nínú VirtualBox, àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ EFI (UEFI náà ni) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹ ó tẹ̀ tàbí kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ sì lè yí ọkàn padà nígbàkigbà. Proxmox náà ń jẹ́ kí ẹ yan láàárín SeaBIOS (BIOS) àti OVMF (UEFI). Kí ẹ tó kúrò ní ilé àtijọ́, ẹ ṣí msinfo32 nínú VM náà, ẹ wo ìlà BIOS Mode. Bó bá kọ Legacy, BIOS ni. Bó bá kọ UEFI, ẹ ti mọ̀.

Tí ìyẹn bá tọ́, dráífà dísìkì, ìyẹn sọ́fítíwíà tí Windows fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀, ló kù. VirtIO, ọ̀nà ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún VM, ni Proxmox ń gbà wá nímọ̀ràn, torí pé ó yára, ṣùgbọ́n dráífà rẹ̀ kì í bá Windows wá láti ilé. Ẹni tó bá kó Windows sórí VirtIO láìmúra, ojú búlúù ni yóò rí, pẹ̀lú INACCESSIBLE BOOT DEVICE. Ẹ kọ́kọ́ so dísìkì náà mọ́ SATA, tí Windows ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó lè tan, ẹ fi virtio-win, tí dráífà VirtIO wà nínú rẹ̀, sí i, ẹ so dísìkì kékeré kan tó jẹ́ VirtIO mọ́ ọn kí Windows lè mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ yí dísìkì gangan padà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tó ń kánjú.

Ẹ yọ VMware Tools, àwọn irinṣẹ́ tí VMware fi sínú VM, kúrò kí ẹ tó gbéra. Bó bá dé ibòmíràn, kì í gbà kí wọ́n yọ òun mọ́. Ẹ da gbogbo snapshot (ipò VM tí ẹ ti fi pamọ́ sẹ́yìn) pọ̀. Ẹ tì í pa pátápátá, kì í ṣe pé kó sùn. Bí BitLocker, tó ń ti dísìkì pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, bá wà lórí rẹ̀, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà sílẹ̀ sórí ìwé. Windows lè ní kí ẹ tún òun forúkọ sílẹ̀. Nọ́ḿbà IP tí ẹ fi ọwọ́ kọ lè pòórá pẹ̀lú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́. Ní ti iná, bó bá lọ nígbà tí qemu-img ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dà tuntun nìkan ló bàjẹ́, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mo ní lòdì sí VirtualBox: bí Hyper-V bá wà ní títàn lórí kọ̀ǹpútà kan náà, yóò máa fà, á sì gbé àwòrán ìjàpá sí ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. Ẹni tó fi ìjàpá síbẹ̀ mọ nǹkan tó ń ṣe.

Olúkúlùkù wọn ní ẹni tó bá mu. Hyper-V dára fún ẹni tó ti ní Windows Server nílẹ̀. VMware Workstation dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àwòrán. Ẹni tó ní VM púpọ̀, tó ní kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ àti ínfátà tó ṣe é gbára lé, kó lo Proxmox. Ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó ní ẹyọ kan péré, VirtualBox tó o. Àní bí ẹ bá máa lọ síbòmíràn, inú VirtualBox ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán fáìlì náà wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé ó ti kú.

Bó bá sì jẹ́ oníṣẹ́ ni ẹ gbé e fún, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sórí dísìkì tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì sanwó tán títí tí ẹ ó fi rí àkọsílẹ̀ tí ẹ ṣe kẹ́yìn tó ṣí lójú yín.